Abọ́ Tó Ń Gba Ẹ̀yìnkùlé Lọ

Bí wọ́n bá ní kí n dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọrin níbí, ti ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọmi ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́. Mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn dáadáa: odò, aṣọ funfun, orin, omi tútù tó gbá mi láyà. Mo ti di ìyá àgbà nínú ìjọ, mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa wò mí bí ẹni tó ti ń ṣarán. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, odò kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ewúrẹ́ tó ń sín ni. Abo ewúrẹ́ dúdú kan tí etí rẹ̀ kan ti ya, tó dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, tó ń sín bí ẹni tó fa aṣáà símú, tí èmi ọmọ ọdún méjìlá sì di abọ́ òfìfo mú níwájú rẹ̀, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, dákẹ́. Wọ́n á gbọ́ ọ." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ò rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ẹ̀sìn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo dàgbà sí. Bàbá àti ìyá mi wà ní Kàdúná nígbà yẹn, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì ní ọmọ tí kò bá gbé ilé kò ní mọ ilé, ni wọ́n bá kó mi padà wá. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Agbo ilé wa kò tóbi. Ilé alámọ̀ méjì ló kọjú síra wọn, àgbàlá kan sì wà láàárín: Yèyé àti èmi wà lápá ọ̀tún, Bàbá Ráfíù, àbúrò bàbá mi, wà lápá òsì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Ráfíù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Igi ìyeyè kan wà láàárín gbùngbùn, tí gbogbo wa ń gbá ewé rẹ̀ tí ewé náà ò tán. Ní ìdájí màá gbọ́ búútà Bàbá Ráfíù lóde, omi àlùwàlá tó ń ṣàn sórí òkúta, màá sì gbọ́ Yèyé nínú yàrá tiwa tó ti dá orin àárọ̀ sílẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ń du ẹni tí Ọlọ́run máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí Bàbá Ráfíù bá gbé ohùn sókè díẹ̀ lórí ẹní ìrun, Yèyé náà á fi ẹsẹ orin kan kún tirẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín àwọn méjèèjì, oorun díẹ̀ sí i ni mò ń wá.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Màá gbá àgbàlá, màá pọn omi kún ìkòkò, màá kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, màá bó iṣu. Yèyé kì í pe iyán ní iyán láéláé. Uyán ni, bí àwọn àgbà Ọ̀pin ṣe ń pè é, uṣu sì ni iṣu. Ó ní ẹni tó bá ń pè é ní iyán, inú ìwé ló ti jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán, odó Yèyé á máa dún lápá ọ̀tún, odó Ìyá Ráfíù á máa dá a lóhùn lápá òsì, tí ẹ bá sì ń ti oko bọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ láti ibi ọ̀gbún tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ikùn yín á sì jí. Mo ṣì máa ń gbọ́ odó méjì yẹn nígbà míràn bí mo bá jókòó lémi nìkan. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gún uyán fún mi báyìí. Ó ń ké bí ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó ń dá a lóhùn.

Kí n sọ ti Yèyé fún yín. Òun ni aṣáájú àwọn obìnrin ìjọ wa. Òun ni wọ́n máa ń wá pè tí aboyún bá ń rọbí tí ọmọ ò tètè wá, òun ni wọ́n máa ń wá pè kó gbàdúrà lé aláìsàn lórí. Ó lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tún lọ ro ilẹ̀ ẹ̀pà. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá láti fúnni, bí ó bá sì ti rí ọmọ tó ń wo oúnjẹ, kó tó sọ̀rọ̀, á ti bu ún fún un. Ohun kan ṣoṣo ló há a lọ́fun. Bàbá Ráfíù ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà lọ́mọdé, gbogbo ìlú sì ti ń pè é ní Pásítọ̀ kékeré. Ó bá àwọn olóbì lọ sí Ìlọrin láti kọ́ òwò. Nígbà tó máa padà, ó ti ní orúkọ tuntun, ó ti ní fìlà tuntun, ó sì mú ìyàwó bọ̀, ọmọ Ìlọrin, ọmọ ilé kéwú. Yèyé kò bá a jà. Ó da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàdúrà fún un lójú gbogbo ayé, ó sì fi aṣọ òkè tirẹ̀ kan ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, obìnrin yẹn ló gba ọmọ lọ́wọ́ òun, tó tún gbà á lọ́wọ́ Jésù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ sí mi létí, lọ́jọ́ tí mò ń tú irun rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, ó ti gbọ́mọ mi lọ. Kò tún ní fi ọbẹ̀ tù mí nínú."

Ìyá Ráfíù sì mọ ọbẹ̀ sè. Háà, ó mọ̀ ọ́n sè! Tùwó ìrẹsì rẹ̀ ń dán, gbẹ̀gìrì rẹ̀ kì í ní kókó, ó sì máa ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tó ń kọjá, á dín in, á sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ata tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Ojoojúmọ́, bí ó bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, kó tó bu ti ọkọ rẹ̀ pàápàá, á bu ti ìyá ọkọ rẹ̀ sínú abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé kan tó ní ọmọrí. Á gbé e kọjá àgbàlá, á kúnlẹ̀, á ní, "Yèyé, oúnjẹ yín rèé." Yèyé á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ." Ìyá Ráfíù á padà. Yèyé á wá wò mí, kò ní sọ nǹkan kan. Èmi á gbé abọ́, màá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, màá dà á fún ewúrẹ́, màá fọ abọ́, màá nù ún, màá gbé e lọ fún oní-nǹkan. "Yèyé ní ẹ ṣeun o. Wọ́n ní ó dùn gan-an." Èmi ni mo fi "gan-an" sí i. Yèyé kò rán mi níyẹn.

Ẹ máa fẹ́ bi mí bóyá mi ò tọ́ ọ wò rí. Mo tọ́ ọ wò. Wàrà yẹn, bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà á tọ́ ọ wò. Màá yọ ọ̀kan sẹ́nu, màá jẹ ẹ́ kíákíá pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí mo rò pé tí mo bá jẹ ẹ́ tó dùn mọ́ mi, mo ti dalẹ̀ Yèyé nìyẹn. Ata ni ìṣòro tó kù. Ìyá Ráfíù kì í fi ata ṣeré, abo dúdú yẹn á sì ki ẹnu bọ̀ ọ́, á gbé orí sókè, á gbọn etí tó ya yẹn, á sín, á tún sín. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wa àti ilé ìdáná Ìyá Ráfíù. Màá máa fi ọwọ́ di ewúrẹ́ nímú bí ẹni ń di ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ náà dẹ́kun àtisín. Mi ò mọ ìdí. Mo rò pé ata ti mọ́ ọn lára ni. Ẹ gbọ́ mi o: mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ewúrẹ́ ò sín mọ́. Mo ti gba àdúrà tó ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà, àmọ́ mi ò rò pé mo fi tọkàntọkàn gba òmíràn tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn ni orúkọ mi wọ kíláàsì ìrìbọmi. Bàbá Káfíńtà ló ń kọ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ, tó ń kan àga àti ilẹ̀kùn láàárín ọ̀sẹ̀, tí eruku pákó kì í sì í tán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú lẹ́yìn ilé ìwé la máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kàn fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè borí mi níbẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì tó bá fún wa lónìí, màá ti kà á sórí tán kí n tó délé. Ìyá mi ti fi aṣọ funfun ránṣẹ́ láti Kàdúná, Yèyé ti gbé e sínú àpótí pẹ̀lú káńfò, èmi náà sì máa ń ṣí i wò bí Yèyé bá jáde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn ni kí n wọ aṣọ yẹn wọ odò lọ́dún náà, kí n tó lọ sí ilé ìwé girama ní Òsí, kí n lè jókòó ti Yèyé níbi oúnjẹ Olúwa, kí àwo má máa gba orí mi kọjá mọ́ bíi pé orí òkúta ló ń gbà.

Ìjọ wa sì ní àṣà kan, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ṣe é. Wọn kì í ri ẹnikẹ́ni bọmi láìjẹ́ pé àwọn alàgbà mẹ́ta ti wá sí agbo ilé rẹ̀ wá bi àwọn ará ilé léèrè ìwà rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń bi o. Àwọn tí kì í ṣe tiwa gan-an ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ ẹnu wọn. Bàbá Káfíńtà máa ń sọ pé ará ṣọ́ọ̀ṣì á rí ọ ní ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ìpara lójú, ará ilé ló ń rí ọ nígbà tí o bá fọ́ ìkòkò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún sọ èyí tó ba tèmi jẹ́. Ó ní kí kálukú lọ sílé, kó rò ó dáadáa, bí ẹnì kan bá wà tí a ti purọ́ fún, kí a lọ tọ̀ ọ́ kí àwọn alàgbà tó dé. "Ẹ má wá gbé irọ́ wọ omi," ó ní. "Omi kì í fọ èyí tí ẹ dì mọ́wọ́." Mo padà sílé lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí lórúkọ mi, bóyá ni màá rántí.

Yèyé ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó ń pa ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Mo ní, "Yèyé, tí mo bá ń sọ fún Ìyá Ráfíù pé ẹ ní oúnjẹ dùn, ṣé irọ́ ni?" Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ní, "Mo ní kí o dúpẹ́, o dúpẹ́. Ta ló ń pe ìyẹn nírọ́?" Mo ní Bàbá Káfíńtà ní kí a lọ tọ gbogbo ẹni tí a ti purọ́ fún. Ìgbà yẹn ló gbé ojú sókè. Mo ti rí Yèyé tó bínú rí, mi ò rí i kó bẹ̀rù rí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo fẹ́ lọ sọ? Pé ìyá ìjọ ń da oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ fún ẹran? Bí o bá sọ ọ́, o dójú tì mí, àwọn alàgbà á gbọ́, wọ́n á sì ní kí n jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tí mò ń darí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Pa ẹnu dé. O máa wọ omi. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́." Inú mi kò dùn sí i, inú rẹ̀ náà kò dùn, a sì jẹ uyán wa lọ́jọ́ yẹn bẹ́ẹ̀.

Mo gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Mo ka gbogbo ẹsẹ mi lákàtúnkà, wọn ò sì wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo ń gbé abọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Yèyé lọ kí aláìsàn, ẹsẹ̀ mi kàn gbé mi kọjá àgbàlá ni. Ìyá Ráfíù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, Ráfíù ń fi síbí lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti bí mi sínú ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé, kì í pe orúkọ mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí, nítorí bí mo ṣe rù.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ló dé? Ojú rẹ pọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Oúnjẹ tí ẹ máa ń gbé wá fún Yèyé, èmi ni mò ń dà á fún ewúrẹ́. Yèyé ò mọ̀. Èmi ni."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí ìrẹsì. Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò retí. "Yèé! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, o wá jẹ́wọ́ irọ́ kan, o sì tún ń fi òmíràn lé e. Ṣé èyí ni wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì yín?" Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ewúrẹ́ wo ló ń sín láìsí ata? Mo wo ihò ògiri, mo rí ọ tí o di ẹran nímú. Àánú rẹ ṣe mí." Mo bi í, kí ló dé tí kò fi jáwọ́ látọjọ́ yìí? Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi ni. Ìyá tèmi ti kú, òun ni mo ní. Èmi ni Ọlọ́run máa bi bóyá mo gbé oúnjẹ fún un. Ohun tó fi oúnjẹ ṣe, òun ló máa bi. Mi ò ní torí tirẹ̀ ba tèmi jẹ́." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Yèyé pé mo wá. "Kí ni mo fẹ́ sọ?" ó ní. "Ọjọ́ tó bá wù ú, á mọ ọ̀nà ilé ìdáná mi. Àgbàlá yìí ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀." Ó bu wàrà méjì fún mi. Mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, níta gbangba, ó sì dùn ju gbogbo èyí tí mo ti jí jẹ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ráfíù gbé abọ́ wá, ó kúnlẹ̀, Yèyé dúpẹ́, ó padà. Yèyé wò mí. Mi ò dìde. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀. Mo rò pé ó máa nà mí. Ó wò mí títí, ó wo abọ́, eṣinṣin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí ọmọrí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá dìde, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó gbé abọ́ náà, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Mo máa ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ díẹ̀, tó ń rìn lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Bí mo bá gbé abọ́ padà, mi ò sọ pé ó dùn mọ́. Màá kàn kúnlẹ̀, Ìyá Ráfíù á gbà á.

Àwọn alàgbà mẹ́ta dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A gbé àga fún wọn lábẹ́ ìyeyè. Yèyé jókòó, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé itan. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ráfíù wà lọ́nà Ìlọrin, nítorí náà Ìyá Ráfíù ni Bàbá Káfíńtà yíjú sí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ẹ kì í ṣe ti ìjọ wa, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ọmọ yìí, ṣé ó ń sọ òótọ́?"

Ìyá Ráfíù ní, "Rárá o, Bàbá. Òpùrọ́ ni tẹ́lẹ̀."

Ọwọ́ Yèyé dúró nínú igbá. Ìyá Ráfíù ní, "Ó purọ́ fún mi, ó pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú un. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dárí jì í. Tó bá jẹ́ òótọ́ lẹ ń wá, ẹ mú un lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà bi í pé irọ́ wo ni. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu Ráfíù lẹ́nu. Ó ní, "Irọ́ èmi àti òun ni, Bàbá. Ó ti tán." Kò wo ọ̀dọ̀ Yèyé rárá. Bó bá fẹ́ gbẹ̀san, ibẹ̀ nìyẹn, àwọn alàgbà mẹ́ta ló jókòó fún un, ẹnu rẹ̀ ló sì kù. Bàbá Káfíńtà yíjú sí Yèyé. "Ìyá, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?" Yèyé ní òun fọwọ́ sí i. Ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé wọ́n ní kó tún un sọ.

Mo wọ odò. Omi tutù, orin dùn, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lára, Yèyé ló sì fi ìró tirẹ̀ nù mí létí odò. Ìyẹn náà ni mo máa ń sọ fún àwọn ará Ìlọrin. Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni ti ọjọ́ Ìsinmi kejì rẹ̀, tí mo kọ́kọ́ jókòó ti Yèyé níbi oúnjẹ Olúwa. Bẹ́ǹṣì iwájú ló máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbà á, ó dì í mú. Ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé alàgbà tó gbé e wá tẹ orí sísàlẹ̀ wò ó. Yèyé kò mú nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́ ni. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó fi ìgúnpá tọ́ mi: "Gbà. Tìrẹ ni." Mo mú un, ó gbẹ lẹ́nu mi, mo sì ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ ọ́ síra wọn létí láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì pé Ìyá ò gbà á, Ìyá ò gbà á.

Mo ti rìn jìnnà nínú ẹ̀sìn yìí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé, mo ti darí àwọn obìnrin, mo ti gba ààwẹ̀ tó gùn ju ti Yèyé lọ. Ọjọ́ wà tí mo rò pé mo ti dàgbà nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n mo ní ìyàwó ọmọ kan báyìí tó máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi nínú kúlà. Ẹ má bi mí níbi tó ń lọ. Ìgbà tí mo bá ti di kúlà yẹn mú ni mo máa ń rí Yèyé ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, bó ṣe rìn níwájú mi láti ṣọ́ọ̀ṣì délé, tí kò kí ẹni kankan, tí ẹni kankan ò sì kí i.

Kò wọlé wa. Kò tú gèlè. Ó gba abẹ́ ìyeyè kọjá, ó lọ tààrà sí ilé ìdáná Ìyá Ráfíù. Ìyá Ráfíù ti sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ti na ọwọ́ sí abọ́ aláwọ̀ ewé náà. Yèyé fa àpótí ìdáná kan mọ́ra, ó jókòó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, ó ní, "Má bù ún sínú ìyẹn. Ibí ni mo ti fẹ́ jẹ ẹ́." Ìyá Ráfíù fi abọ́ náà sílẹ̀. Ó bomi wá, ó kúnlẹ̀, ó da omi sí i lọ́wọ́, ó gbé tùwó àti ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yèyé bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó bu èkejì. Ó dúró. Ó lá ètè wò, ó fa ojú pọ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí nǹkan kò bá tó nínú ọbẹ̀ tèmi.

"Ìyàwó," ó ní, "gbogbo ayé ló ń sọ pé o mọ ọbẹ̀ sè. Èyí ò láta."

Ìyá Ráfíù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Yèyé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ tí ẹran ń sín ni mo ti dín in kù. Mo ní kó má lọ máa pa á lára."

Ọwọ́ Yèyé kò kúrò nínú abọ́. Omi ojú ń dà sórí gèlè tó ti tú fúnra rẹ̀ wálẹ̀ sí i léjìká, kò nù ún. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí mo dúró sí.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "lọ lọ ata wá fún ìyá rẹ. Mi ò tíì yó."